Ìbejì ọmọ ọdún mẹ́rin àti Ìdòwú tó ń bọ̀: ọkọ̀ àlòkù wo ló gba ìjókòó ọmọ mẹ́ta?

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará mi. Ìbejì wa ti pé ọmọ ọdún mẹ́rin, Ìdòwú sì ti ń bọ̀ lọ́nà. Corolla 2005 la ń lò. Ìjókòó ọmọ méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ báyìí, ààyè tó kù láàárín wọn kò sì ju ibi tí mo lè ki apá bọ̀ lọ. Màmá mi ní kí n máa gbé ọmọ tuntun lé itan. Ọkọ mi ní ká gbé Táíwò wá síwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Ọkàn mi kò gba ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọ̀nà márosẹ̀ Ìbàdàn sí Èkó la máa ń gbà lọ kí àwọn òbí ọkọ mi, gbogbo wa la sì mọ bí tírélà ṣe ń ṣe níbẹ̀.

A fẹ́ ta Corolla, ká fi owó díẹ̀ lé e, ká ra tọ́kùnbọ̀, tàbí èyí tí ẹnì kan ti lò nílé níbí tó bá ṣáà ti dára. Ọkọ̀ wo ló máa gba ìjókòó ọmọ mẹ́ta, tí a kò sì ní máa sùn sí ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ ọkọ̀ lásán, ẹ bá mi sọ ìdí rẹ̀.

Bàbá Ọlọ́jà (Abẹ́òkúta):
A ó gbọ́ ohùn ìyá, a ó gbọ́ ohùn ọmọ. Sienna ti Toyota ni. Ọmọ mẹ́rin ni mo fi tèmi gbé lọ sílé ìwé.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Manchester):
Àmín o. Ìyá Ìbejì, kí ẹ tó wo ọkọ̀ kankan, ẹ mú tépù tí telọ fi ń wọn aṣọ, kí ẹ wọn àwọn ìjókòó tí ẹ ní. Ibi tó fẹ̀ jù lára wọn ni kí ẹ wọ̀n. Lára ọ̀pọ̀, ìdí rẹ̀ kọ́ ló fẹ̀ jù, ọ̀gangan èjìká ọmọ tàbí ibi tó ń gbé apá lé ni. Púpọ̀ nínú wọn fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 45 sí 50. Mẹ́ta tó fẹ̀ ní 48 ti di 144, ẹ̀yìn ọkọ̀ kékeré kò lè gbà á. Ṣùgbọ́n àwọn tẹ́ẹ́rẹ́ wà tí kò ju bíi 43 lọ, irú bíi Diono Radian àti Graco SlimFit3 LX. Mẹ́ta irú wọn jẹ́ 129. Sẹ̀ǹtímítà 15 yẹn lè jẹ́ kí ọkọ̀ tí ẹ rò pé kò gbà wọ́n gbà wọ́n, nítorí náà ẹ má ra ọkọ̀ ṣáájú kí ẹ tó mọ ìjókòó tí ẹ fẹ́ tò sínú rẹ̀.

Bí ẹ ṣe tò wọ́n náà ṣe pàtàkì. Ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn àti èyí tó kọjú síwájú kì í fẹ̀ lójú kan náà. Bí ti Ìdòwú bá wà láàárín tó kọjú sẹ́yìn, tí ti àwọn ìbejì wà lọ́tùn-ún lósì, wọ́n lè wọnú ara wọn. Mo ti rí mẹ́ta tó kọ̀ láti wọlé nígbà tí wọ́n tò wọ́n lọ́nà kan, tí wọ́n sì wọlé wẹ́rẹ́ nígbà tí wọ́n pààrọ̀ ààyè.

Níbí, òfin ni pé ọmọ gbọ́dọ̀ wà nínú ìjókòó rẹ̀ títí yóò fi pé ọdún 12 tàbí tí yóò fi ga tó sẹ̀ǹtímítà 135, èyíkéyìí tó bá kọ́kọ́ dé. Ìyẹn ló fà á tí àwa ọlọ́mọ mẹ́ta fi ń wá ọkọ̀ tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ ìjókòó mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ tó dọ́gba, tí kì í ṣe bẹ́ǹṣì kan ṣoṣo: Citroën C4 Picasso, Peugeot 5008, Ford Galaxy, Volkswagen Touran. N kò ní kí ẹ ra wọ́n ní Ìbàdàn, ẹ̀yà ara wọn máa fún yín ní wàhálà. Mo kàn dárúkọ wọn kí ẹ lè mọ irú ẹ̀yìn ọkọ̀ tí ojú yín máa wá. Kì í ṣe pé ọkọ̀ tóbi níta ló ṣe kókó. Jíípù ńlá wà tí àárín ẹ̀yìn rẹ̀ kò gba nǹkan kan ju àpò obìnrin lọ.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Mọníyà):
Sienna tí Bàbá Ọlọ́jà dárúkọ ni èmi náà máa dárúkọ, àmọ́ Ìyá Ìbejì ti ní ká sọ ìdí, ó sì yẹ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yà ara Sienna 2004 sí 2010 pọ̀ ní Gate níbí, ó pọ̀ ní Ládípọ̀ l'Ékòó, mẹkáníìkì tó mọ̀ ọ́n kò sì wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tó wà nínú wọn kì í ṣe ọ̀kan. Ti 2004 títí dé 2006 jẹ́ lítà 3.3, táìmìnì bẹ́líìtì onírọ́bà ló sì ń lò. Toyota ní kí wọ́n pààrọ̀ bẹ́líìtì yẹn tí ọkọ̀ bá ti rin máìlì 90,000, ìyẹn bíi kìlómítà 145,000. Púpọ̀ nínú àwọn tó wà lójú títì wa ti kọjá ibẹ̀ tipẹ́. Bí ẹni tó ń tà á kò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀, ẹ kà á sí pé wọn kò ṣe é rárá, kí ẹ sì yọ owó iṣẹ́ yẹn kúrò nínú iye tí ẹ máa san. Bí ó bá já lójú ọ̀nà márosẹ̀, ẹ́ńjìnnì máa kú lẹ́sẹ̀ kan náà, pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta nínú ọkọ̀.

Ti 2007 sí 2010 jẹ́ lítà 3.5, ṣéènì onírin ló ń lò dípò bẹ́líìtì. Òun ni mo fẹ́ fún yín. Ohun kan wà tí mo máa ń kọ́kọ́ wò lára rẹ̀: páìpù kan tó ń gbé ọ́ìlì lọ síbi VVT-i (ẹ̀rọ tó ń yí àkókò tí fáàfù ẹ́ńjìnnì ń ṣí padà) ní apá tó jẹ́ rọ́bà. Rọ́bà yẹn a máa sán bó bá gbó, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì á sì dà nù kí awakọ̀ tó fura. Toyota ti ṣe páìpù onírin rọ́pò rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì yín tan tọ́ọ̀ṣì sí i, kí ó sọ fún yín bóyá onírin ló wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, pípààrọ̀ rẹ̀ kò tó ohun tí ẹ máa torí rẹ̀ sá fún ọkọ̀, ẹ kàn má jẹ́ kó pẹ́.

Ẹ tún wo abẹ́ rẹ̀. Sienna ní híítà fún àwọn tó jókòó lẹ́yìn, páìpù omi tó lọ síbẹ̀ sì gba abẹ́ ọkọ̀ kọjá. Ó máa ń dípẹtà lójú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀. Omi radiétọ̀ á máa dín kù díẹ̀díẹ̀, ẹ kò sì ní rí ibi tó ti ń jò bí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Sienna ti ń gbóná jù, tí wọ́n á wá máa pààrọ̀ radiétọ̀ tí kò ṣẹ̀. Abẹ́ náà ni sípíà táyà wà. Toyota pe Sienna padà ní 2010 ní àwọn ìpínlẹ̀ tí wọ́n ti ń da iyọ̀ sójú títì nígbà yìnyín, nítorí wáyà tó gbé táyà yẹn dúró ń dípẹtà, táyà sì lè já bọ́. Bí ẹ bá rí ìpẹtà púpọ̀ níbẹ̀, ìlú yìnyín ni ọkọ̀ yẹn ti wá, ẹ yẹ gbogbo abẹ́ rẹ̀ wò dáadáa.

Ohun tó máa ń bí mi nínú ni bí àwọn kan nínú wa ṣe ń yọ tẹ́mósítáàtì (ohun tó ń ṣọ́ bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń gbóná tó) jù nù tí wọ́n sì ń bu omi ẹ̀rọ lásán sínú radiétọ̀. Omi lásán ń jẹ irin láti inú wá. Bí ọkọ̀ bá jẹ́ èyí tí wọ́n ti lò nílé, ẹ ṣí ìdérí radiétọ̀ nígbà tó tutù, kí ẹ wo àwọ̀ omi inú rẹ̀. Bí ó bá rí bí omi ìpẹtà, iṣẹ́ ńlá ń bọ̀.

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan ọkọ̀ kí ẹ tó dé, kí ẹ sì fọwọ́ kan bọ́nẹ́ẹ̀tì nígbà tí ẹ bá dé. Ẹ́ńjìnnì tó ti gbóná kì í sọ gbogbo ẹjọ́ rẹ̀. Ẹ fi gíà sí R, ẹ fi sí D: bí ó bá pẹ́ kó tó gbé, tàbí tó ta yín síwájú, ẹ bọ́ sílẹ̀, ẹ dúpẹ́, ẹ máa lọ. Ẹ jẹ́ kí rẹ́wáyà yín mú síkánà dání. Àwọn kan a máa yọ bátìrì kí iná ẹ́ńjìnnì tó wà lójú dáṣíbọ́ọ̀dù lè kú. Síkánà máa sọ bóyá kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ti parí àyẹ̀wò ara rẹ̀. Bí èyí tó pọ̀ níbẹ̀ bá ṣì ń kọ "not ready", wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ pa àkọsílẹ̀ rẹ̀ rẹ́ ni.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Houston):
Ẹ kú iṣẹ́, Ọ̀gá. Ìyá Ìbejì, ìfẹ́ ló mú Màmá sọ ohun tí wọ́n sọ, ẹ bá mi kí wọn. Ṣùgbọ́n apá ènìyàn kò lè dá ọmọ dúró nígbà tí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan. Bí ọkọ̀ bá ń sá kìlómítà 50 ní wákàtí kan tó sì dúró lójijì, ọmọ kìlógírámù 5 lè fa apá yín pẹ̀lú agbára tó tó ìlọ́po ogún ìwúwo rẹ̀. Bí ìgbà tí ẹnì kan ju àpò sìmẹ́ńtì méjì lù yín ni. Bẹ́líìtì kan náà tí ẹ dì mọ́ ara yín àti ọmọ pọ̀ tún burú ju ìyẹn lọ, nítorí ara yín ló máa tẹ̀ ẹ́.

Ti iwájú ńkọ́? Corolla 2005 tó wá láti Amẹ́ríkà wà lára àwọn tí Toyota pè padà nítorí airbag (báàgì afẹ́fẹ́ tó ń wú jáde bí ọkọ̀ bá forí sọ nǹkan) tí ilé-iṣẹ́ Takata ṣe, èyí tó wà níwájú ẹni tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. Ẹ̀tù tó ń fẹ airbag yẹn máa ń bàjẹ́ bí ooru àti ọ̀rinrin bá ti ń bá a fà fún ọdún púpọ̀. Bó bá wá bú, àfọ́kù irin lè jáde láti inú rẹ̀ sára ènìyàn. Ooru àti ọ̀rinrin ló sì pọ̀ jù níbi tí ẹ wà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí Bàbá Ìbejì ka ibí yìí fúnra wọn: kí Táíwò má jókòó síwájú. Ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn kò tilẹ̀ gbọ́dọ̀ dé iwájú airbag rárá, ti ọkọ̀ yòówù kó jẹ́. Ẹ kọ VIN, ìyẹn nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, sójú ìwé NHTSA (àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ọkọ̀) lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ ni, ó máa sọ bóyá àtúnṣe kan ṣì kù. Ẹ ṣe é fún Corolla lónìí, kí ẹ tún ṣe é fún ọkọ̀ tí ẹ bá fẹ́ rà. Sienna 2011 sí 2014 náà wà nínú ọ̀rọ̀ Takata yìí, Honda Pilot 2003 sí 2008 náà sì wà níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ dídi ìjókòó mọ́ ọkọ̀: ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti September 2002 gbọ́dọ̀ ní irin LATCH, tí wọ́n ń so ìjókòó ọmọ mọ́. Ẹ ki ọwọ́ bọ ibi tí ẹ̀yìn ìjókòó ti pàdé ìdí rẹ̀, ẹ máa kan irin méjì. Kì í ṣe gbogbo ààyè ló ní in, àárín kì í sábà ní. Kí ìyẹn má bà yín lẹ́rù, bẹ́líìtì ọkọ̀ tó dì í gírígírí ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé bákan náà. Ohun tí ẹ máa wò ni bóyá bẹ́líìtì àárín gba èjìká kọjá. Ọkọ̀ tó ti pẹ́ lè jẹ́ bẹ́líìtì ìbàdí nìkan ló ní láàárín, ọmọ tó ti dàgbà dé búsítà (ìjókòó tó kàn ń gbé ọmọ ga kí bẹ́líìtì ọkọ̀ lè bá èjìká rẹ̀ mu) kò sì lè jókòó síbẹ̀. Àwọn ìbejì yín máa dé búsítà láìpẹ́ ọdún, ẹ ro ìyẹn mọ́ ọn.

Bí ẹ bá ti dì í tán, ẹ di ìjókòó náà mú níbi tí bẹ́líìtì gbà kọjá, kí ẹ mì í. Kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 2.5 lọ. Okùn tó wà lára ọmọ fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ le débi pé ìka yín kò ní lè fún un jọ lórí èjìká. Ẹ yí ìdí ìjókòó sókè kí ẹ ka ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, nítorí ó ní ọdún tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Àlòkù tí wọ́n ń tà lọ́jà tí ẹ kò mọ bóyá ó ti wà nínú ìjàm̀bá rí, ẹ má rà á.

Níkẹyìn, ará Houston ni mí, mo wà níbí nígbà ìkún omi Harvey ní August 2017, mo sì mọ iye ọkọ̀ tó mùmi. Irú wọn ń dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó kọ̀ọ̀kan jáde títí dé òpin rẹ̀. Àlà omi àti ẹrẹ̀ máa ń wà níbi tí ẹni tó fọ ọkọ̀ kò rántí.

Ajẹ́ntì (Àpápá):
Nọ́ọ̀sì ti mẹ́nu ba VIN, ẹ jẹ́ kí n fi kún un. Ó jẹ́ lẹ́tà àti nọ́ńbà 17. Ẹ kà á lójú gíláàsì iwájú, ẹ tún kà á lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀, kí ẹ fi méjèèjì wé ìwé ọkọ̀. Ìkẹwàá nínú wọn ló ń sọ ọdún: 7 ni 2007, 8 ni 2008, 9 ni 2009, A ni 2010. Ti Sienna tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 5TD. Ẹ máa rí ẹni tó ń ta 2006 ní owó 2008, ìkẹwàá yẹn ló máa tú àṣírí rẹ̀, ó sì ṣe pàtàkì gan-an pẹ̀lú ohun tí Ọ̀gá sọ nípa bẹ́líìtì àti ṣéènì.

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀dínwó Kútọnu tàn yín. Láti ọjọ́ kìíní January 2017 ni ìjọba ti fòfin de kíkó ọkọ̀ wọlé láti ẹnubodè orí ilẹ̀. Ọkọ̀ tí kò gba wọ́ọ̀fù wọlé, kọ́sítọ́ọ̀mù lè gbà á lọ́wọ́ yín lójú ọ̀nà lẹ́yìn tí ẹ ti sanwó tán, owó yín sì ti lọ nìyẹn. Ẹ gba ìwé kọ́sítọ́ọ̀mù, kí ẹ mú un lọ yẹ̀ wò lọ́dọ̀ wọn kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):
Ẹ ṣé gan-an ni, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. Nọ́ọ̀sì, ọkọ mi ti ka tiyín, wọn kò tún mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ iwájú mọ́. Mo ti wọn ìjókòó wa, 47 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì ló kù. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ epo ní 2023 ni ẹ̀rù epo ti ń bà wá, ṣé Sienna kò ní jẹ owó oúnjẹ tán? Ẹ̀kejì, ọkọ mi fẹ́ràn jíípù, wọ́n ní Highlander ńkọ́?

Bàbá Ọlọ́jà (Abẹ́òkúta):
Ó ń mu epo ju Corolla lọ dáadáa, n kò ní parọ́ fún yín. Èyí tó ń dín in kù fún wa ni pé ìrìn kan ló ń kó gbogbo ilé, a kì í tún gbé ọkọ̀ kejì jáde.

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Mọníyà):
Sienna 2011 àti 2012 wà tó jẹ́ ẹ́ńjìnnì oníplọ́ọ̀gì mẹ́rin, lítà 2.7. Ó ṣeé wá bí owó bá gbé e. Ẹ rántí pé ọ̀rọ̀ airbag tí Nọ́ọ̀sì sọ kàn án.

Ní ti Highlander, ọkọ̀ tó lágbára ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ le ju ti Sienna lọ lójú ọ̀nà tó bàjẹ́. Ṣùgbọ́n èyí tó jáde ní 2008 sí 2013, ìjókòó àárín ìlà kejì rẹ̀ jẹ́ èyí tó ṣeé yọ, ó kéré, ìjókòó ọmọ kò rọrùn láti dì mọ́ ọn. Ìyẹn ni pé ọmọ kan máa lọ sí ìlà kẹta, ìlà kẹta Highlander sì há. Odyssey ti Honda gbòòrò, àmọ́ gíà àwọn tó jáde ní 1999 sí 2004 ti da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú, Honda fúnra wọn pe ti 2002 sí 2004 padà nítorí rẹ̀. Bí ẹ bá máa ra Odyssey, kó jẹ́ 2005 sókè.

Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta (Manchester):
47 lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 141. Ẹ má tiraka láti tò wọ́n sórí ìlà kan. Nínú Sienna, ẹ béèrè bóyá oníjókòó méje ni tàbí mẹ́jọ. Oníjókòó mẹ́jọ ní ìjókòó tẹ́ẹ́rẹ́ láàárín ìlà kejì. Oníjókòó méje ní ọ̀nà láàárín méjèèjì, ẹ lè bá ibẹ̀ wọlé lọ dé ẹ̀yìn láìtú ìjókòó ọmọ kankan. Èmi máa mú oníjókòó méje: Ìdòwú àti ìbejì kan ní ìlà kejì, ìbejì kejì ní ìlà kẹta, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn kí ìjà má bàa pọ̀. Ìdòwú ni kó wà nítòsí ọwọ́ yín.

Telọ Síìtì Ọkọ̀ (Òkè-Adó):
Mo ń gbọ́ yín. Ohun kan ni mo fẹ́ sọ. Nígbà tí wọ́n bá ń rán aláwọ tuntun sí ìjókòó ọkọ̀ níbí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń ran án bo irin LATCH mọ́lẹ̀, tí bẹ́líìtì àárín náà á sì wọ abẹ́ ìjókòó lọ. Kò bàjẹ́, ó wà níbẹ̀, wọ́n kàn bò ó ni. Bí ọkọ̀ tó wù yín bá ní aláwọ tuntun, ẹ fọwọ́ wá a. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní kí wọ́n tú awọ ibẹ̀ kí ẹ tó sanwó, iṣẹ́ kékeré ni. Ẹ sì fi aṣọ bo ojú irin bẹ́líìtì bí ẹ bá pa ọkọ̀ sínú oòrùn, ó máa ń jó ọmọ lára.

Nọ́ọ̀sì Ọmọdé (Houston):
Ọlọ́run á bùkún yín, Telọ. N kò mọ ìyẹn rí.

Ìyá Ìbejì (Ìbàdàn):
Ọkọ mi ti rí Sienna kan tí wọ́n ní 2008 ni, níbi tí wọ́n ti ń ta tọ́kùnbọ̀. Oníjókòó méje ni. Ọjọ́ Àbámẹ́ta la fẹ́ lọ wò ó. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe tí mo bá débẹ̀?

Ọ̀gá Mẹkáníìkì (Mọníyà):
Ẹ gbé ìjókòó ọmọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta dání, títí kan ti Ìdòwú bí ẹ bá ti rà á. Ẹ dì wọ́n mọ́ ọkọ̀ níbẹ̀, kí ẹ tó ná an rárá. Lẹ́yìn náà kí ẹnì kan jókòó síwájú, nítorí ìjókòó tó kọjú sẹ́yìn máa ń ti ti iwájú débi pé ẹlẹ́sẹ̀ gígùn kò ní lè na ẹsẹ̀. Ẹ tan AC, kí ẹ lọ jókòó ní ìlà kẹta fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Sienna ní AC ti ẹ̀yìn lọ́tọ̀, ó lè jẹ́ pé iwájú ń tutù tí ẹ̀yìn kò sì ṣe nǹkan kan, ibẹ̀ sì ni ọmọ yín máa wà. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, ẹ tì wọ́n, ẹ tún ṣí wọn. Wáyà inú wọn máa ń já, bí ọ̀kan bá ti ń le, ẹ fi yọ owó.

Ajẹ́ntì (Àpápá):
Ẹ ya àwòrán VIN, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi ní ìkọ̀kọ̀ ní alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ẹ má gbé e síbí. Bí ìkẹwàá rẹ̀ kò bá jẹ́ 8, ẹ má lọ ná epo yín lọ́jọ́ Àbámẹ́ta.